Àpótí Kékeré Ojú Kámẹ́rà: Bí A Ṣe Ń Dá Ohun Èlò Tí Kò Lórúkọ Mọ̀

Àpótí onígi kékeré kan ni. Kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Ihò kan wà níwájú rẹ̀, ihò róbótó mìíràn sì wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ojú sí ihò kan kò ní rí òdìkejì, nítorí pé aṣọ dúdú kan dí ọ̀nà láàrin. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan so rọ̀ lára rẹ̀. Kókó idẹ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó ṣe é yí, àwo funfun bíńtín kan tí a kọ nọ́ńbà sí sì wà nítòsí kókó náà. Bí rọ́bà ara rẹ̀ kò bá tíì jẹrà tán, ọ̀pá rọ́bà kan á tún wà níbẹ̀ tí orí rẹ̀ wú bí ọsàn wẹ́wẹ́.

Àwọn ọmọ ayàwòrán tí ó ti di olóògbé lè bá irú àpótí bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀ ẹrù bàbá wọn, lẹ́yìn tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ti lọ, tí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí ó ń gbé e dúró sì ti di igi ìdáná. Ọ̀kan nínú wọn á ní aago tí ó ti bàjẹ́ ni. Òmíràn á ní ohun tí bàbá fi ń wọn oògùn fọ́tò ni. Ẹni tí ó ti lọ sí ilé-ìwé díẹ̀ lè sọ pé kámẹ́rà kékeré ni, nítorí pé ó rí ihò níwájú. Gbogbo wọn ni ó wò ó dáadáa, kò sì sí èyí tí ó gbà á. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran.

Kí ni ó wá kan ẹnikẹ́ni bóyá a mọ orúkọ àpótí náà tàbí a kò mọ̀ ọ́n? Ó kan olùkọ́ ìtàn, ó sì kan akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àwọn ayàwòrán àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá kọ ìwé díẹ̀ gan-an nípa iṣẹ́ ara wọn. Ohun èlò tí wọ́n fi sílẹ̀ àti àwòrán tí wọ́n yà ni ẹlẹ́rìí tí ó pọ̀ jù tí ó kù. Bí a bá pe ẹlẹ́rìí ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ohun tí kò rí ni a ó máa sọ pé ó rí. A ó tún rí ibi tí àṣìṣe irú èyí ti lè ba ìtàn jẹ́ pátápátá, bí a bá dé orí ọ̀rọ̀ àwòrán ìbejì.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ rántí bí kámẹ́rà ńlá ti rí. Férémù igi méjì ni, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Awọ tàbí aṣọ tí a ṣẹ́ po bí ẹwìrì ni ó so méjèèjì pọ̀, tí ó ń nà tí ó sì ń ká. Lẹ́ńsì wà lára férémù iwájú. Dígí tí a ti ha lójú, tí kò mọ́ gaara mọ́, wà lára férémù ẹ̀yìn. Ayàwòrán á da aṣọ dúdú bo orí, á máa wo àwòrán tí ó doríkodò lórí dígí náà títí yóò fi hàn kedere, lẹ́yìn náà ni yóò fi pẹẹrẹ onígi tí àwo gíláàsì aláwòrán wà nínú rẹ̀ rọ́pò dígí yẹn. Kò sí ohun kan lára ẹ̀rọ náà tí kò ṣe é tú. Ilé-iṣẹ́ kan lè ṣe igi rẹ̀, òmíràn lè ṣe lẹ́ńsì, òmíràn sì lè ṣe ohun tí a ó fi bo lẹ́ńsì. Ìdí nìyí tí àwọn àsomọ́ rẹ̀ fi máa ń ṣáko lọ, tí a kì í sì í mọ ilé tí wọ́n ti wá mọ́.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó máa ń tú irú ohun bẹ́ẹ̀ fó. Èkíní: níbo ni ó dúró sí lára kámẹ́rà, ṣé iwájú lẹ́ńsì ni, ẹ̀yìn lẹ́ńsì ni, tàbí ọ̀dọ̀ àwo gíláàsì? Èkejì: kí ni ó ń ṣe fún ìmọ́lẹ̀? Ẹ̀kẹta: kí ni ó ń mú un ṣiṣẹ́, ṣé ọwọ́ ènìyàn ni, afẹ́fẹ́ ni, tàbí sípíríńgì? Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sábà sí lórí ìwé kankan. Ara ohun èlò náà ni wọ́n wà.

Ihò róbótó tí ó wà lẹ́yìn àpótí yìí ni ó dáhùn ìbéèrè kìíní. Òrùka rọ́bà tàbí ti igi máa ń wà lẹ́nu rẹ̀, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ níwọ̀n tí yóò fi há mọ́ ẹnu lẹ́ńsì gbágbá. Bí lẹ́ńsì àtijọ́ kan bá wà nítòsí, kí á wo etí idẹ rẹ̀: ibi tí òrùka náà ti ń há mọ́ ọn fún ọdún púpọ̀ máa ń dán ju ibi yòókù lọ tàbí kí ó ṣú jù ú lọ. Nítorí náà, iwájú lẹ́ńsì ni àpótí yìí ń gbé. Irú rẹ̀ mìíràn wà tí a ń fi sí ẹ̀yìn lẹ́ńsì, láàrin lẹ́ńsì àti férémù iwájú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Inú rẹ̀ ni a ti rí ìdáhùn kejì. Ọ̀pá róbótó méjì ni ó wà nínú àpótí náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Aṣọ dúdú tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá ká mọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí aṣọ ti ń ká mọ́ igi lọ́wọ́ ahunṣọ. Aṣọ náà gùn ju ihò àpótí lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì ní ojú fèrèsé kan láàrin rẹ̀. Bí ayàwòrán bá fa okùn, aṣọ á ká mọ́ ọ̀pá òkè, sípíríńgì tí ó wà nínú ọ̀pá ìsàlẹ̀ á sì le koko. Ìkọ́ kékeré kan ni yóò dì í mú. Bí ó bá tẹ bọ́ọ̀lù rọ́bà, afẹ́fẹ́ á sáré gba inú ọ̀pá rọ́bà lọ, á ti ìkọ́ náà, sípíríńgì á sì fa aṣọ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìwọ̀nba àkókò tí ojú fèrèsé inú aṣọ fi ń kọjá níwájú lẹ́ńsì ni ìmọ́lẹ̀ fi wọlé. Kí a tó ṣẹ́jú, òkùnkùn ti padà.

Kókó idẹ ẹ̀gbẹ́ náà wà fún títún sípíríńgì ṣe. Bí a bá yí i, sípíríńgì á le sí i, aṣọ á sì yára sí i. Nọ́ńbà tí ó wà lórí àwo funfun ni ó ń sọ ìyára náà. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú àpótí yìí, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdá kan nínú ìdá 15 ìṣẹ́jú-àáyá, ó sì máa ń parí sí ìdá kan nínú ìdá 90. Lára àwọn kan, ohun kan tún wà tí ayàwòrán lè yí, tí yóò mú kí aṣọ dúró ní àárín ọ̀nà nígbà tí fèrèsé rẹ̀ bá kojú lẹ́ńsì gẹ́lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ á máa wọlé títí a ó fi tẹ bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kejì. Èyí wà fún inú ilé àti fún ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú.

Orúkọ rẹ̀ nìyẹn: ṣọ́tà aláṣọ kíká. Ìlẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀ ni. Ní òde òní, inú kámẹ́rà ni ṣọ́tà ń gbé, ẹni tí ó ń ya fọ́tò kì í tilẹ̀ rí i. Ó ní ìgbà kan tí kò sí rárá, tí kò sì sí ẹni tí ó wá a.

Ìgbà yẹn ni ó yẹ kí á dúró lé lórí, nítorí pé láìmọ̀ ọ́n, a kò lè mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ronú kan irú àpótí yìí. Ní ọdún 1851, Frederick Scott Archer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ọ̀nà kan jáde tí a fi ń da oògùn tí à ń pè ní kọlódíọ̀n sórí gíláàsì, tí a ó sì rì í sínú omi fàdákà. Gíláàsì náà gbọ́dọ̀ tutù nígbà tí a bá fi ya àwòrán, ó sì gbọ́dọ̀ ṣì tutù nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́. Bí ó bá gbẹ, iṣẹ́ bàjẹ́. Ayàwòrán tí ó bá ń rìnrìn àjò ní láti gbé àgọ́ òkùnkùn àti ìgò oògùn rẹ̀ lọ́wọ́. Oòrùn ilẹ̀ olóoru tún mú kí gíláàsì náà yára gbẹ. Síbẹ̀, ohun kan wà tí kò ni í lára nígbà náà: bí a ó ti ṣí ojú lẹ́ńsì àti bí a ó ti pa á dé. Àwo tútù náà lọ́ra láti gba ìmọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan ni ó sábà máa ń gbà, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé. Nítorí náà, ìdérí lásán tó. Ayàwòrán á ṣí ìdérí kúrò lójú lẹ́ńsì, á ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, á sì dé e padà. Ọwọ́ rẹ̀ ni ṣọ́tà, ẹnu rẹ̀ sì ni aago.

Ẹni tí a ń ya náà ní ìyà tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò gbọ́dọ̀ mira. Irin kan wà tí wọ́n máa ń gbé sẹ́yìn rẹ̀, tí orí rẹ̀ pín sí méjì bí ọ̀pá àmúga, láti fi di ìpàkọ́ rẹ̀ mú. Irin yẹn náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò tí ènìyàn máa ń bá tí kò ní mọ ohun tí a fi ń ṣe. A kàn rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà mìíràn lẹ́yìn bàtà àwọn ènìyàn inú àwòrán àtijọ́. Àwọn tí ń sọ pé àwọn àgbà ìgbàanì kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò nítorí pé wọ́n le lójú kò tíì ro ti irin yìí mọ́ ọn.

Ní ọdún 1871, dókítà oníṣègùn kan, Richard Leach Maddox, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn ayàwòrán ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé òun ti fi jẹ́látìn, irú ohun tí a ń rí nínú awọ àti egungun ẹran tí a bá sè é, rọ́pò kọlódíọ̀n. Àwo tirẹ̀ ṣe é lò ní gbígbẹ. Kò yára nígbà náà. Ní ọdún 1878, Charles Bennett fi hàn pé bí a bá fi oògùn náà sínú ooru fún ìgbà pípẹ́ kí á tó dà á sórí gíláàsì, yóò yára gba ìmọ́lẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Láàrin ọdún díẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń ṣe àwo gbígbẹ, wọ́n ń kó o sínú páálí, wọ́n sì ń tà á fún ẹnikẹ́ni. Àgọ́ òkùnkùn kò pọn dandan lójú ọ̀nà mọ́. Lóòótọ́, jẹ́látìn ní ìṣòro tirẹ̀ nílẹ̀ olóoru, nítorí pé ó máa ń wú, ó sì lè yọ́ kúrò lórí gíláàsì bí omi tí a fi ń fọ̀ ọ́ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣùgbọ́n òmìnira ńlá ni ó jẹ́.

Òmìnira yìí ni ó sọ ìdérí lẹ́ńsì di aláìlágbára. Níta gbangba, nínú oòrùn, àwo tuntun kò fẹ́ ju ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Kò sí ọwọ́ ènìyàn tí ó lè ṣí ìdérí kí ó sì dé e padà láàrin ìdá kan nínú ìdá 30 ìṣẹ́jú-àáyá. Kí ó tó dé e, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, àwòrán ti jóná. Àwọn ayàwòrán tí ó ní kámẹ́rà dáadáa àti lẹ́ńsì olówó iyebíye kò sì fẹ́ ju wọ́n nù. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni àpótí kan tí wọn yóò fi há mọ́ ẹnu lẹ́ńsì tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀. Ibi tí a ti bí àpótí yìí nìyẹn.

Ẹni tí ó mú un gbajúmọ̀ jù ni John Edward Thornton. Òun àti Edgar Pickard ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Thornton-Pickard sílẹ̀ ní Manchester ní ọdún 1888, ilé-iṣẹ́ náà sì kó lọ sí Altrincham nítòsí ibẹ̀ ní ọdún 1891. Igi mahógánì, tí í ṣe ìbátan ọ̀gànwó, ni wọ́n fi ṣe àpótí náà. Wọ́n ṣe é ní oríṣiríṣi ìwọ̀n nítorí pé ẹnu lẹ́ńsì kò dọ́gba. Wọ́n ṣe kámẹ́rà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ṣọ́tà wọn ni ó rin ìrìn àjò jù. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó ṣe ẹ̀rọ Hythe nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní: kámẹ́rà tí a kọ́ bí ìbọn Lewis, tí àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ bí a ti ń yìnbọn láti inú ọkọ̀ òfurufú. Bí ọmọ ogun bá fa ohun ìyìnbọn, fọ́tò ni yóò jáde dípò ọta, olùkọ́ rẹ̀ á sì rí bóyá ó bá ọkọ̀ ọ̀tá tàbí kò bá a. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan láìmọ ìtàn rẹ̀ kò ní ṣàì pè é ní ìbọn.

Ní ilẹ̀ Japan, orúkọ Thornton di orúkọ gbogbo ṣọ́tà aláṣọ kíká, ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ó ṣe é, gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà ti ń pe gbogbo ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ní Omo. Ìkìlọ̀ wà nínú èyí fún ẹni tí ó ń wá orúkọ ohun èlò. Orúkọ tí àwọn arúgbó fi ń pe nǹkan lè tọ́ka sí irú nǹkan náà láì tọ́ka sí ẹni tí ó ṣe é. Àkọlé ara rẹ̀ ni kí á gbà gbọ́ ní ti ẹni tí ó ṣe é. Ní ti iṣẹ́ tí ó ń ṣe, ẹ̀rọ inú rẹ̀ ni kí á bi.

Àwọn àsomọ́ mìíràn wà tí ó lè jọ ọ́. Ọ̀kan ni ṣọ́tà Packard, tí wọ́n ṣe ní Kalamazoo ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Òun náà ní bọ́ọ̀lù rọ́bà àti ọ̀pá rọ́bà, àpótí pẹlẹbẹ sì ni, ṣùgbọ́n kò ní okùn, kò sì ní aṣọ. Abẹ́bẹ́ tín-ínrín ni ó wà nínú rẹ̀, tí ń ṣí tí ń pa, afẹ́fẹ́ bọ́ọ̀lù nìkan ni ó sì ń tì í. Inú kámẹ́rà, lẹ́yìn lẹ́ńsì, ni wọ́n sábà máa ń fi pamọ́ sí ní ilé ìyàwòrán, kí ọmọdé tí ó jókòó síwájú má baà mọ ìgbà tí a ya òun. Ìbéèrè kẹta ni ó ya méjèèjì sọ́tọ̀: sípíríńgì ni agbára ọ̀kan, afẹ́fẹ́ ni agbára èkejì.

Àsomọ́ mìíràn kì í ṣe ti iwájú rárá. Pátákó gbọọrọ kan ni, tí ó ní ojú fèrèsé kan tàbí méjì, tí ó ń rá sọ́tùn-ún àti sósì ní ẹ̀yìn kámẹ́rà, tí ìlà tàbí ihò kéékèèké sì wà létí rẹ̀ láti fi hàn ibi tí yóò dúró. Ẹ̀yìn aláràá ni à bá máa pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ayàwòrán ya àwòrán méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sórí àwo gíláàsì kan ṣoṣo, kí owó àwo má baà pọ̀ jù: á ya ìdajì kan, á ti pátákó sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ya ìdajì kejì. Èrò yìí ti pẹ́. André Disdéri gba ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ ní Paris ní ọdún 1854 lórí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, àwòrán kéékèèké mẹ́jọ ni a sì sábà máa ń rí lórí àwo kan ṣoṣo láti ọwọ́ àwọn tí ó tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Ohun kan tún wà tí ó kéré ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, ìdérí lẹ́ńsì tí a gé ìdajì rẹ̀ kúrò. A ó fi bo apá kan lẹ́ńsì, a ó ya ọkùnrin kan. A ó yí i padà sí apá kejì, ọkùnrin kan náà á lọ jókòó sí òdìkejì, a ó tún yà á. Lórí àwòrán, yóò dàbí ẹni pé ó ń bá ara rẹ̀ ta ayò. Eré ni àwọn òyìnbó fi ṣe.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Neils Walwin Holm, tí ó ti Accra wá, wà lára wọn. George Da Costa, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1853, ti ṣe alábòójútó ilé ìtàwé ìjọ C.M.S. fún ọdún púpọ̀ kí ó tó yà sídìí iṣẹ́ fọ́tò ní ọdún 1895. Ìjọba amúnisìn gbà á láti ya àwòrán bí a ti ń ṣe ojú irin ní Àríwá Nàìjíríà, ìtàn rẹ̀ sì wà nínú ìwé Red Book of West Africa tí Allister Macmillan kó jọ, tí ó jáde ní ọdún 1920. Ọdún tí Da Costa bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì. Ìgbà àwo gbígbẹ ni, ìgbà ṣọ́tà ni. Ẹni tí ó bá kọ́ iṣẹ́ náà ní ogún ọdún ṣáájú rẹ̀, ìdérí àti kíka ení, èjì, ẹ̀ta ni yóò kọ́. Nítorí náà, bí a bá bá àpótí aláṣọ kíká nínú ẹrù ayàwòrán kan, a mọ̀ pé ó kéré tán, ó ń lo àwo gbígbẹ tàbí fíìmù, ó sì lè jáde síta lọ ya ènìyàn tí ń rìn. Kò fi hàn pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí sí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìbejì wá kù. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ni pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, a ó gbẹ́ ère fún un, ìyá á sì máa tọ́jú ère náà bí ẹni pé ọmọ náà wà láàyè. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún ogún, àwọn ìdílé kan bẹ̀rẹ̀ sí fi fọ́tò rọ́pò ère. Stephen Sprague, ayàwòrán àti olùwádìí láti Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí nípa rẹ̀ ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní ọdún 1975, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts ní ọdún 1978. Bí ìbejì náà bá jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, a ó ya èyí tí ó kù láàyè, a ó sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, kí ó lè dàbí pé àwọn méjèèjì jókòó papọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, èyí tí ó kù á wọ aṣọ tirẹ̀, a ó yà á. Á sì tún wọ irú aṣọ tí èkejì ì bá wọ̀, a ó tún yà á. Táyé ni ó ń jókòó fún Kẹ́hìndé, tàbí Kẹ́hìndé fún Táyé.

Ẹ jẹ́ kí á wá gbà pé ẹnìkan rí pátákó ẹ̀yìn aláràá nínú ẹrù ayàwòrán àtijọ́ kan, ó sì ti gbọ́ nípa àwòrán ìbejì. Kò sí ohun tí ó rọrùn tó pé kí ó sọ pé ohun tí bàbá yìí fi ń ya ìbejì nìyí. Pátákó náà ń fi àwòrán méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwòrán ìbejì jẹ́ méjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sínú ìwé àṣekágbá rẹ̀, olùkọ́ mìíràn á kà á, á sì fi kọ́ni. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ayàwòrán Ìlá fi han olùwádìí yẹn ni pé inú yàrá òkùnkùn, nígbà títẹ àwòrán, ni iṣẹ́ náà ti wáyé. Wọ́n á bo ìdajì ìwé fọ́tò, wọ́n á fi ìmọ́lẹ̀ tẹ ìdajì kejì. Wọ́n á tún bo èyí tí wọ́n ti tẹ̀, wọ́n á tẹ èyí tí ó kù. Páálí lásán tó fún un. Kámẹ́rà kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, kò sì nílò àsomọ́ kankan.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Bí ó bá jẹ́ pé inú kámẹ́rà ni iṣẹ́ náà ti wáyé, a jẹ́ pé ohun èlò tí òyìnbó ti ṣe sílẹ̀ ni ó fún àwọn ayàwòrán ní àyè láti ya ìbejì. Bí ó bá sì jẹ́ yàrá òkùnkùn, a jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n mọ ohun tí ìyá ọmọ ń fẹ́, tí wọ́n sì wá ọ̀nà sí i pẹ̀lú ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Pátákó kan tí a ṣì lórúkọ lè gba iṣẹ́ ọpọlọ lọ́wọ́ wọn fún ilé-iṣẹ́ kan ní Manchester tàbí ní Paris.

Ọ̀nà sì wà láti mọ̀ ọ́n lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan. Kí á wo ìṣẹ́po aṣọ ọmọ tí ó wà lápá òsì, kí á sì wo ti apá ọ̀tún. Bí ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan, òjìji kọ̀ọ̀kan àti bí ìka ti ṣẹ́ bá bá ara wọn mu láìyẹ̀, àwo kan ṣoṣo ni a tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé kò sí ọmọ tí ó lè jókòó lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà kan náà gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá yàtọ̀, a yà á lẹ́ẹ̀mejì ni, ìbéèrè sì kù: ṣé orí àwo kan ni, tàbí orí àwo méjì? Fọ́tò orí ìwé kò lè dáhùn èyí. Gíláàsì tàbí fíìmù tí a fi tẹ̀ ẹ́ ni yóò dáhùn. Bí àwòrán méjèèjì bá wà papọ̀ lórí gíláàsì kan, kámẹ́rà ni ó ṣe é. Bí wọ́n bá wà lórí gíláàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọwọ́ ayàwòrán nínú yàrá òkùnkùn ni.

Nítorí èyí, ẹni tí ó bá bá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ pàdé nínú ilé àgbà ayàwòrán kò gbọ́dọ̀ kó àpótí àti pátákó nìkan, kí ó fi gíláàsì sílẹ̀ nítorí pé ó wúwo tàbí nítorí pé àwòrán orí rẹ̀ kò hàn dáadáa. Kí ó kọ ohun tí ó wà nítòsí èyí tí ó kọ́kọ́ rí kí ó tó ṣí i nípò. Kí ó wọn ihò àpótí àti ẹnu lẹ́ńsì. Kí ó má sì fa okùn náà wò. Aṣọ tí ó ti ká jọ fún ìran méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti gan, bí a bá fà á lẹ́ẹ̀kan péré, ó lè ya sí wẹ́wẹ́ nínú àpótí, àwo funfun tí ó ní nọ́ńbà lórí ni ohun kan ṣoṣo tí yóò kù láti sọ bí ó ti yára tó.